Century 21 ti New York: ilé ìtajà ẹbí tó la ọdún 2001 já, tí ọdún 2020 sì gbé ṣánlẹ̀

Àwọn tó ń ṣọ́ bí káràkátà ṣe ń lọ ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ilé ìtajà ńlá tó bá ti kógbá sílé kì í sábà tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Century 21 ti ìlú New York kò fi tíì tán lẹ́nu àwọn oníṣòwò àti àwọn agbẹjọ́rò. Ẹbí Gindi ló dá ilé ìtajà náà sílẹ̀ ní Brooklyn ní ọdún 1961, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí tolówó-tìpẹ́ẹ̀rẹ̀ ti ń ra aṣọ, bàtà àti báàgì àwọn ilé-iṣẹ́ olórúkọ ńlá ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí ọdún 2020 fi máa parí, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ti wọlẹ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ẹyọ kan ṣoṣo padà ṣí, nínú ilé tí èyí tó gbajúmọ̀ jù lára wọn wà tẹ́lẹ̀.

Ẹbí náà kò sọ pé àìtà ọjà ló lé àwọn kúrò lórí àtẹ. Wọ́n ní owó adójútòfò tó tọ́ sí àwọn, tí àwọn tó yẹ kó san án kọ̀ láti san, ló fà á. Ẹ̀sùn náà wúwo, nítorí pé ilé ìtajà yìí kan náà ni owó adójútòfò gbé dìde lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irú owó kan náà fi wá nígbà àkọ́kọ́, tí kò sì wá nígbà kejì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú òwò tí ẹbí yìí ń ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí a má sì ṣì í mú, Century 21 yìí kò bá ilé-iṣẹ́ alágbàtà ilé àti ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tan. California ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971.

Al Gindi àti Sonny Gindi, tí wọ́n jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ni wọ́n ṣí ìsọ̀ àkọ́kọ́, ní òpópónà 86th Street ní àdúgbò Bay Ridge. Inú àwùjọ àwọn Júù tó ti ilẹ̀ Síríà, pàápàá ìlú Aleppo, ṣí wá sí New York láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé nínú àwùjọ yìí ló fi ìkiri bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń ru aṣọ tábìlì àti aṣọ ibùsùn láti ilé dé ilé, títí owó fi ká ìsọ̀ tí wọ́n lè gbà. Káràkátà wá di iṣẹ́ ìdílé láàárín wọn, tí ọmọ ń tẹ̀lé bàbá lọ sí ìsọ̀, tó sì ń ti ibẹ̀ mọ ọjà tó ń yá àti èyí tó ń sùn lórí àtẹ. Orúkọ tí àwọn Gindi fún ìsọ̀ wọn wá láti ara àfihàn àgbáyé tí ìlú Seattle ń múra sílẹ̀ fún nígbà náà, tó wáyé ní 1962, tí wọ́n pè ní Century 21, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ogójì ọdún ló kù kí ọ̀rúndún náà dé nígbà tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sára ògiri ìsọ̀ ní Bay Ridge.

Àsìkò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Títa ọjà olórúkọ ní ẹ̀dínwó ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí oníṣòwò kàn lè ṣe bó ṣe wù ú. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó jáde ní 1937, tí òmíràn ti ọdún 1952 sì tún fún lókun, fi àyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà pàṣẹ iye tó kéré jù tí ẹni tó ń tún un tà lè gbà. Àwọn ilé ìtajà tó ti fìdí múlẹ̀ ni òfin yìí ń dáàbò bò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè táṣẹ́rẹ́ lórí ọjà púpọ̀ ni ó ń dí lọ́wọ́. Eugene Ferkauf, tó dá ilé ìtajà ẹlẹ́dìínwó E. J. Korvette sílẹ̀ ní New York ní 1948, wá ọgbọ́n sí i: ó ń pín káàdì ọmọ ẹgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, kí ó lè sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ òun lòun ń tà fún, kì í ṣe gbogbo ayé. Ní 1962, nígbà tí Century 21 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, Walmart, Kmart àti Target ṣí ìsọ̀ wọn àkọ́kọ́, gbogbo wọn nínú ọdún kan náà. Ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ wá fagi lé òfin iye owó náà, àmọ́ àwọn tó ń tà lẹ́dìínwó ti sọ ọ́ di òfin orí ìwé lásán kí ó tó di ìgbà yẹn.

Ọ̀nà tí àwọn Gindi gbà yàtọ̀ sí ti Walmart. Ohun tí Walmart ń ṣe ni pé ó ń bá ilé-iṣẹ́ dúnàádúrà kí wọ́n máa pèsè ọjà kan náà fún un lọ́pọ̀ yanturu, ní iye tó lọ sílẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Century 21 ní tirẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n ti ṣe tán tí kò rí olówó. Ká ní ilé ìtajà ńlá kan ti ní kí wọ́n rán ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀wù òtútù fún òun, tí ìgbà òtútù wá kù sí dẹ̀dẹ̀, tó wá ní ẹgbẹ̀ta péré lòun máa gbà; irinwó tó kù di ẹrù lọ́rùn ẹni tó rán an. Kò lè tà á lówó pọ́ọ́kú ní gbangba, kí àwọn tó ra tiwọn ní owó gidi má bàa bínú, kí orúkọ rẹ̀ má sì di yẹpẹrẹ. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó ń bá Century 21 ra ọjà ti máa wọlé. Yóò kó irinwó náà pátá, yóò sanwó kíá, kò ní í dá ìkankan padà, kò sì ní í fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ké gbàjarè nínú ìpolówó. Nítorí gbogbo èyí, iye tí yóò rà á á lọ sílẹ̀ gan-an, òun náà á sì lè tà á ní ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, kí èrè sì tún kù fún un. Ẹni tó bá mọ gbàǹjo nílé yóò tètè lóye rẹ̀, àfi pé gbàǹjo a máa dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti àwọn Gindi sì jẹ́ ojoojúmọ́.

Irú òwò yìí ní àbùdá kan tó yẹ kí a fi sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó yá. Ọjà tó wà lórí àtẹ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la; bàtà kan lè wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì péré ló kù nínú rẹ̀, ẹ̀wù kan sì lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Oníbàárà ní láti wá fúnra rẹ̀, kí ó tú u wò, kí ó sì máa padà wá léraléra. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá íntánẹ́ẹ̀tì mu, nítorí pé ẹni tó bá ní kí òun ya fọ́tò ẹyọ ẹ̀wù kan, kí òun kọ àlàyé sí i lábẹ́, kí òun tún fi ránṣẹ́ sí ilé oníbàárà, lè ti ná èrè orí rẹ̀ tán kó tó kúrò nílé ìkẹ́rùsí. Century 21 ní ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n orí àtẹ ni agbára rẹ̀ wà.

Àtẹ tó sì sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni èyí tó wà ní 22 Cortlandt Street, ní ìsàlẹ̀ Manhattan, nínú ilé tí báńkì East River Savings Bank kọ́ ní àárín àwọn ọdún 1930. Òpópónà yẹn ti mọ ìbànújẹ́ àwọn oníṣòwò tipẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta rédíò àti àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kóra jọ sí, kí wọ́n tó wó ìsọ̀ wọn láti ọdún 1966 lọ kí ààyè lè wà fún World Trade Center. Wọ́n pẹjọ́, wọn kò jàre. Nígbà tí ilé gogoro méjèèjì dìde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń rọ́ gba àdúgbò náà kọjá láràárọ̀, àwọn Gindi sì ń fi àsìkò wọn sí i: ní ọjọ́ iṣẹ́, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí. Akọ̀wé báńkì lè yan táì méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì kan, kí ó sanwó, kí ó sì tún bá aago mẹ́sàn-án lórí àga rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí yàrá tí èèyàn lè wọ̀ láti dán aṣọ wò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wù kan bá òun mu yóò wọ̀ ọ́ lé èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, láàárín èrò, níwájú dígí tí ẹlòmíràn náà ń dù. Àwọn obìnrin tó mọ ibẹ̀ dáadáa a máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ ara wá láti ilé, kí ó lè rọrùn láti fa súkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù lé e lórí. Ìnira yìí kò lé wọn sá. Aṣọ àwọn aránṣọ Ítálì tó jẹ́ pé lórí òpópónà Fifth Avenue ni wọ́n ti ń rí i nínú dígí, ibí ni wọ́n ti lè gbé e lọ sílé. Àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ òkèèrè náà gbọ́, wọ́n ń gbé àpótí òfìfo wá. Ẹni tí àpótí tirẹ̀ bá sì kún, wọ́n ń ta àpótí nínú ìsọ̀ kan náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹsàn-án, 2001, ìsọ̀ náà ti ṣí tó wákàtí kan kí ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́ tó kọ lu ilé gogoro àríwá ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Òpópónà Church Street nìkan ló wà láàárín wọn. Nígbà tí ilé gogoro méjèèjì wó, fèrèsé Century 21 fọ́, eruku àwókù náà sì bo ọjà inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ ilé báńkì àtijọ́ náà dúró. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 2002, kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìsọ̀ náà tún ṣí, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń kó àwókù ní òdìkejì títì. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n tó parí iṣẹ́ náà. Àwọn tó ṣì ń gbé ní ìsàlẹ̀ Manhattan kò gbàgbé rẹ̀ fún ẹbí yẹn. Ìlú tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù àtiwọ̀ rí ẹnì kan tó gbà pé òwò yóò padà síbẹ̀, tó sì fi ọjà kún àtẹ láti fi hàn.

Ìgboyà nìkan kọ́ ló ṣe é. Owó adójútòfò wà ńbẹ̀. Fèrèsé tó fọ́, ọjà tó bàjẹ́ àti ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí jẹ́ àdánù tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí, tí aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè wá kà, kí ó sì kọ sílẹ̀. Ohun tó tún tẹ̀lé ìkọlù náà ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí kúrò nínú ìwé àdéhùn wọn, nítorí pé àdánù 2001 ti kọjá ohun tí wọ́n rò. Ìjọba àpapọ̀ dá sí i. Ní oṣù Kọkànlá 2002, wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní TRIA, èyí tó ní bí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, tí owó rẹ̀ sì kọjá ìwọ̀n kan, ìjọba yóò bá àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbé lára ẹrù náà. Láti ìgbà náà ni oníṣòwò ti tún lè rí adójútòfò rà lórí ewu yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni Century 21 túbọ̀ ń fẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀ka sí Paramus ní New Jersey, sí ẹ̀gbẹ́ Lincoln Center ní Manhattan ní 2011, sí Philadelphia ní 2014, wọ́n sì dé Florida. Láàárín àkókò kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Korvette ti lọ láti 1980. Syms àti Filene's Basement, tí wọ́n ti di ọ̀kan náà, wọ gbèsè ní oṣù Kọkànlá 2011. Daffy's tẹ̀lé wọn ní 2012. Loehmann's, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Frieda Loehmann dá sílẹ̀ ní Brooklyn ní 1921, pa ìsọ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn dé ní 2014. Nínú àwọn ilé ìtajà ẹlẹ́dìínwó tí New York bí, Century 21 fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tuntun yẹn yẹ kí a dúró wò dáadáa. Ibi tí wọ́n gbà ní Rego Park, ní Queens, jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Alexander's. Ilé ìtajà ẹlẹ́dìínwó ti ìdílé ni Alexander's náà tẹ́lẹ̀. George Farkas ló dá a sílẹ̀ ní Bronx ní 1928, ó sì gbilẹ̀ débi pé kò sí ará New York ìgbà náà tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ ní 1992. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìsọ̀ wọ̀nyẹn wà kò bá wọn kú. Ilé-iṣẹ́ náà di onílé àti onílẹ̀, ó sì wà títí dòní: orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Lexington Avenue ni wọ́n kọ́ olú ilé-iṣẹ́ Bloomberg, tó ń gbé ìròyìn ọ̀rọ̀ ìnáwó jáde, sí, orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Paramus sì ni IKEA, ilé ìtajà àga àti tábìlì, wà kí IKEA fúnra rẹ̀ tó ra ilẹ̀ náà ní 2021. Century 21 wá di ayálégbé lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe irú òwò rẹ̀ rí, tó sì rí i pé owó ilé dájú ju owó aṣọ lọ. Lójú tèmi, ìtàn gbogbo òwò yìí ní New York wà nínú ìwé ilé kan ṣoṣo yẹn.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù Kẹta 2020, àṣẹ kónílé-ó-gbélé ti ìpínlẹ̀ New York bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 22, gbogbo ìsọ̀ tí ìjọba kò kà sí kòṣeémáàní sì wà ní títì. Fún Century 21, ìyà náà ju ti ẹlòmíràn lọ. Òwò rẹ̀ kò ṣeé kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ ni mo ti sọ lókè. Àwọn akọ̀wé tó ń wọlé láàárọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Àwọn arìnrìn-àjò kò wá mọ́: mílíọ̀nù 66.6 èèyàn ló ṣàbẹ̀wò sí ìlú New York ní 2019, àmọ́ mílíọ̀nù 22.3 péré ni ti 2020, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wá kí àrùn náà tó dé. Ọjà ìgbà ìrúwé tí wọ́n ti rà sùn sínú òkùnkùn, owó ilé sì ń gun orí ara wọn.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, Century 21 wọlé sábẹ́ òfin onígbèsè tí wọ́n ń pè ní Chapter 11, wọ́n sì kéde pé gbogbo ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá yóò tì. Wọ́n ní nǹkan bí mílíọ̀nù 175 dọ́là ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ láti san fún àwọn. Raymond Gindi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà, sọ nínú ìkéde náà pé owó adójútòfò ló ran àwọn lọ́wọ́ láti tún ilé kọ́ lẹ́yìn 2001, ṣùgbọ́n pé àwọn tí ẹbí òun ń san owó ńlá fún lọ́dọọdún nítorí irú ọjọ́ báyìí ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀la ọjọ́ tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà ni ìkọlù yẹn pé ọdún mọ́kàndínlógún. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti ta ohun tó kù lórí àtẹ Cortlandt Street tán.

Kí ni àwọn adójútòfò rí sọ? Adójútòfò tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ni èyí tí oníṣòwò ń rà nítorí ìdádúró òwò, tó fi jẹ́ pé bí iná bá jó ìsọ̀ rẹ̀, tí ó sì ti ìsọ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ó lè tún un kọ́, yóò rí owó gbà dípò èrè oṣù mẹ́ta náà. Nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbólóhùn kan wà tó ní ìdádúró náà gbọ́dọ̀ wá láti ara àdánù tàbí ìbàjẹ́ gidi tó ṣẹlẹ̀ sí dúkìá. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní kòkòrò àrùn kò fọ́ fèrèsé, kò sì wó ògiri. Ilé wà bó ṣe wà, àṣẹ ìjọba ló tì í. Lẹ́yìn àrùn SARS, láti ọdún 2006, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi gbólóhùn mìíràn kún ìwé wọn tó yọ àdánù láti ọwọ́ kòkòrò àrùn sílẹ̀ pátápátá. Àwọn oníṣòwò dáhùn pé ilé tí èèyàn kò lè wọ̀ láìfi ẹ̀mí wewu ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Ilé ẹjọ́ lọ́pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà gba ti àwọn adójútòfò. Ní ìpínlẹ̀ New York, ọ̀rọ̀ náà kò dé ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ títí di oṣù Kejì 2024, nínú ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ Consolidated Restaurant Operations, tó ń ta oúnjẹ, pe adójútòfò rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní wíwà tí kòkòrò kòrónà wà nínú ilé kò tó láti pè ní ìbàjẹ́ dúkìá, nígbà tí ohunkóhun kò yí padà lára ilé náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ibòmíràn. Àjọ FCA tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ ìnáwó ló fúnra rẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ nítorí àwọn oníṣòwò kéékèèké, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ láre fún wọn ní oṣù Kìíní 2021. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ti ibẹ̀ mẹ́nu ba àrùn àti àṣẹ ìjọba ní kedere, ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá nìyẹn. Ìbáà jẹ́ ìdájọ́ ti New York bá ohun tó wà lórí ìwé mu, kò tán ìṣòro náà. Oníṣòwò tó ti ń sanwó lọ́dọọdún fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kò rò pé òun ń ra ààbò tí yóò yẹra nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn òun, mo sì gbà pé àwọn Gindi ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àní bí ilé ẹjọ́ kò bá gbà fún wọn.

Àmọ́ kò yẹ kí a ní adójútòfò nìkan ló fà á. TJX, tó ni T.J. Maxx àti Marshalls, ń ṣe irú òwò kan náà, òun náà sì ti gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020. Ṣùgbọ́n TJX ní ìsọ̀ tó lé ní 4,000 káàkiri ayé, ìpín rẹ̀ sì wà lórí ọjà ìdókòwò; láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti yá bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ́wọ́ àwọn olówó tó gbà pé yóò san án. Kò dúró de adójútòfò kankan. Nígbà tí ọjà ṣí padà, ohun tí àwọn ilé ìtajà tó wó lulẹ̀ kò lè gbà mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń rán aṣọ di ti TJX. Ẹbí Gindi kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olówó. Níní ilé ìtajà nìkan, láìsí àjèjì nínú rẹ̀, fún wọn ní òmìnira láti tún ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù ní 2002, ìpinnu tí ó ṣòro fún mi láti rò pé ìgbìmọ̀ àwọn onípìn-ín ì bá tètè fọwọ́ sí. Ohun kan náà ló fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ 2020 dé, tí ẹ̀ka mẹ́tàlá ń béèrè owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù ilé-iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin onígbèsè, ẹbí náà ra orúkọ rẹ̀ padà. Ilé Cortlandt Street náà sì wà lábẹ́ ASG Equities, ilé-iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ ti ẹbí Gindi fúnra wọn. Ní Rego Park, ilé-ẹjọ́ onígbèsè ló tú ìwé ilé náà ká, Alexander's sì gba ààyè rẹ̀. Ní Cortlandt Street, kò sí onílé àjèjì tí wọ́n ní láti bẹ̀ kí wọ́n tó lè padà. Ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n kéde pé àwọn ń bọ̀, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Legends, tí ẹgbẹ́ New York Yankees àti Dallas Cowboys jọ dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó ọjà títà ní pápá ìṣeré wọn. Legends ló tún ń bójú tó ibi ìwòran tó wà lókè One World Trade Center, ní òdìkejì títì. Àwọn arìnrìn-àjò tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ lè gba ẹnu ọ̀nà Century 21 wọlé láìwọ ọkọ̀.

Ìsọ̀ tó ṣí ní 2023 jẹ́ alájà mẹ́rin, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 100,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi NYC kún orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rajà kò yí padà: àwọn tó ń bá wọn wá ọjà ṣì ń wá ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, iye tuntun ṣì ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àtijọ́ lára aṣọ. Ẹbí náà kò tún ṣí ẹ̀ka mẹ́tàlá mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ló kù nílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2020, aṣojú-ṣòfin Carolyn Maloney ti New York gbé àbá kan wá síwájú ilé aṣòfin, pé kí ìjọba ṣe fún àjàkálẹ̀ àrùn ohun tí TRIA ṣe fún ìkọlù agbésùnmọ̀mí, kí àwọn adójútòfò lè tún rí ìgboyà ta irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àbá náà kò di òfin. TRIA fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú láti 2002, yóò parí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2027, àyàfi bí àwọn aṣòfin bá tún un sún. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó lé e lórí ni ó yẹ kí àwọn oníṣòwò New York tún gbé ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn wá síwájú wọn, nítorí pé lẹ́yìn ìdájọ́ 2024, ẹni tó ní ìsọ̀ ní ìpínlẹ̀ yẹn tó sì di àdéhùn adójútòfò onígbólóhùn àtijọ́ yẹn mú kò ní ibòmíràn tí yóò gbé ẹjọ́ náà lọ.